Má Jẹ́ Kó Sùn ní Yàrá Iwájú

                                                            Ilé Onígíláàsì,
                                                            Ọ̀kánkán Ilé Tíṣà,
                                                            Òpópó Tuntun.
                                                            Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n, àbúrò tó mu ọmú tí mo mu kù,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà fún ọ láti dìde láìdi ògiri mú? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé ẹni inú rẹ̀ ń gbọ́ ọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn adìyẹ ńkọ́, kànga ẹ̀yìnkùlé ńkọ́, ṣé omi ṣì wà nínú rẹ̀? Èmi náà wà. Eyín tó kù sí mi lẹ́nu kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù kò sá níṣẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí, kò tíì pa mí. Mo jẹun lánàá, mo jẹun lónìí. Ìyẹn tó fún àlàáfíà mi.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì títì sí tiwa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí nínú ilé rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kọ ọ́, o máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún Tíṣà pé kó má fi ẹwà bo ọ̀rọ̀ mi lójú. Ohun tí mo bá wí ni kó kọ. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́, kí jìnnìjìnnì má baà bá wọn.” Mo ní, “Kọ ọ́. Mo fẹ́ kí jìnnìjìnnì bá wọn.”

Mo gbọ́ pé ọmọ mi ti ránṣẹ́ sí ọ pé kí ọmọbìnrin rẹ tó lóyún wá bímọ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ilé ìwòsàn ńlá sún mọ́ wa, àti pé òun ti tún yàrá iwájú lókè ṣe dè é. Mo gbọ́ pé inú rẹ dùn, pé o tilẹ̀ ti ń di ẹrù fún un. Tú ẹrù náà. Má jẹ́ kó wá. Bí agídí rẹ̀ bá pọ̀ tó fi wá, má jẹ́ kó sùn ní yàrá iwájú, ì báà ṣe oorun ọ̀sán, ì báà ṣe kó kàn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn. Gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí, ìdí rẹ̀ ni.

O kò tíì rí ilé yìí àfi nínú fọ́tò. Nínú fọ́tò, ó dára. Fọ́tò kì í gbóná.

Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ kọ́lé, ó wá ayàwòrán-ilé kan, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó kàwé, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá sórí ilẹ̀ láàárọ̀, ó tún wá lọ́sàn-án, ó tún wá nírọ̀lẹ́. Ó so pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀ka igi, ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Mo rò pé orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn.

Ó ní títì wa wà níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ó ní oòrùn òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, àti pé àwọn igi tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìnkùlé yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni apànìyàn, torí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, ó ń wo ilé lójú tààrà, ó sì ń bá a nígbà tí ilé ti gbóná tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ilé kọ ẹ̀yìn sí títì. Kí ògiri tó nípọn, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, wà níhà yẹn, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn àti yàrá ẹrù, kí oòrùn máa bínú sí wọn. Kí pálọ̀ àti yàrá tí a ń sùn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè bọ̀ láti odò, pẹ̀lú fèrèsé gbàràmù-gbaramu tó ń ṣí dáadáa. Kí ihò wà lókè ògiri ní òdìkejì, torí òkè ni ooru ń lọ, ibẹ̀ ni yóò sì gbà jáde. Kí etí òrùlé gùn jáde bí etí àkẹtẹ̀. Kí wọ́n sì gbé páànù sókè dẹ́kì, kọnkéré tó bo ilé lórí, kí àyè wà láàárín àwọn méjèèjì tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà kọjá. Ó ní bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀, bí iná wà, bí iná kò sí, a ó máa sùn.

Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ ọmọ mi nínú àfi ẹyọ kan. Ó ní, “Ṣé kí n kọ́lé tán, kí n wá kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí títì? Kó jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ mi ni àwọn ènìyàn á máa kí bí wọ́n bá ń kọjá?”

Ọmọbìnrin náà ní, “Ọ̀gá, oòrùn kò mọ ohun tó ń jẹ́ títì.”

Ọmọ mi ní, “Èmi mọ̀ ọ́n.”

Kò bá a jà. Ó dúró títí ọmọbìnrin náà fi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tó jìnnà. Ó wá pe bíríkìlà, ó tẹ́ àwòrán náà sórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i po bí ẹni ń yí àwo oúnjẹ kí ẹran lè bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú, ohun tó wà níwájú bọ́ sẹ́yìn. Bíríkìlà họ orí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?” Ọmọ mi ní, “Àbí ilé kan náà kọ́ ni?” Bíríkìlà tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó ní ilé kan náà ni lóòótọ́. Wọ́n bá na okùn ìpìlẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, mo ń wò wọ́n.

Bí wọ́n ṣe yí ilé wa padà nìyẹn. Gbogbo ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe láti fi lé oòrùn, òun náà ni a wá fi ń pè é wọlé. Yàrá tí a ń sùn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Fèrèsé ńlá tó yẹ kó máa gba afẹ́fẹ́, ọmọ mi ní kí wọ́n fi gíláàsì búlúù dí i látòkè délẹ̀, irú èyí tí kì í ṣí, torí pé irú rẹ̀ ló wà lára báǹkì. Ó ní kí wọ́n gé etí òrùlé iwájú, kó má baà bo gíláàsì náà lójú. Páànù tó yẹ kó wà lókè dẹ́kì, ó ní kò ní jẹ́ kí ilé náà dà bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gidi. Ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì, ni wọ́n dà sórí dẹ́kì kí omi má baà jò. Àwọn ihò òkè ńkọ́? Ó ní eruku ń gbà á wọlé, òtútù ẹ̀rọ sì máa gbà á jáde, ó dí wọn pa. Ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò ṣe ìyókù. Ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ dáradára yẹn ti ń bọ̀, ilé ìwẹ̀ àti yàrá ẹrù ló wà níbẹ̀. Àpótí ń gba atẹ́gùn, ènìyàn ń gba oòrùn.

Ìgbà òjò la kó wọlé. Iná ń wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ilé tutù. Àwọn ènìyàn ń dúró ní títì, wọ́n ń ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà òjò lọ, ẹ̀rọ ńlá tó ń pín iná fún àdúgbò sì bú gbàù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, epo rẹ̀ ṣàn sínú gọ́tà. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Iná tí wọ́n ń yá wa láti àdúgbò kejì máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó: kí o tó kí i káàbọ̀, ó ti dìde.

Àwọn nǹkan kéékèèké ni mo kọ́kọ́ rí. Alángbá tó kún ògiri iwájú tẹ́lẹ̀ kó lọ tọmọtọmọ. Ògiri kò lanu, alángbá ni kò fẹ́ ibẹ̀ mọ́. Àbẹ́là tí ìyàwó ọmọ mi gbé sójú fèrèsé òkè tẹ orí ba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan án, bí ẹni ń kí àgbà. Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tuntun là, àtè inú rẹ̀ yọ́ ṣàn sórí aṣọ. Káfíńtà tí a pè kò wulẹ̀ gbé òòlù jáde. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kò ṣàìsàn, yàrá ló ń ṣàìsàn. Gíláàsì náà tún ń tàn kọjá títì. Bí oòrùn bá yí sí i lọ́sàn-án, ó ń rán ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọ pálọ̀ Tíṣà níbí, kọ́tìnì rẹ̀ ti gbó síbi ojú kan ṣoṣo bí ẹni gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Tíṣà ní kí n má fi kọ́tìnì òun sínú lẹ́tà. Mo ti fi sí i.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ lẹ̀rù ń bà mí jù. O máa rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo gòkè lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí òkùnkùn ti ń ṣú, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá yẹn. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti lọ, ilé kò tíì gbọ́. Gbogbo ooru tó gbé mì lójú ọ̀sán ni ó ń pọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ sára ẹni tó bá sùn síbẹ̀.

Wọ́n sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá ìyàwó ọmọ mi, ìyá ńlá yẹn tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí pé bó bá rẹ́rìn-ín, ife á máa mì lórí tábìlì. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tèmi náà ń ru, tìrẹ náà ń ru. Kì í ṣe òun ló pa á. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Ó wá kí wa. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí nígbà tó dé, ìrìn ti tán an lókun. Ọmọ mi ní kò gbọdọ̀ sinmi ní ìsàlẹ̀, àfi lókè, ní yàrá iwájú, kó lè rí bí àna rẹ̀ ṣe ṣe gudugudu méje. Iná wà lásìkò náà. Wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù fún un, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé kí òtútù má baà jáde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ sọ mí di ẹja inú yìnyín ni!” Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Àwa wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi; iná lílọ kò jẹ́ tuntun létí wa mọ́. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹ̀rọ òkè ti dákẹ́. Òun náà ti sùn lọ. Gíláàsì kò ṣí, ilẹ̀kùn kò ṣí, ihò òkè ti dí, ọ̀dà dúdú wà lórí rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Inú ìkòkò tí a dé ni a gbé ènìyàn sí.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gòkè lọ pè é, ó ní bí òun ṣe ṣílẹ̀kùn, ooru náà ti òun sẹ́yìn bí ọwọ́ ènìyàn. Ìyá náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò làágùn. Àbúrò mi, fi èyí sọ́kàn, torí ó ṣeé ṣe kí o nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan: kò làágùn rárá. Ara rẹ̀ gbẹ bíi pépà, ó sì gbóná débi pé ọmọ rẹ̀ já ọwọ́ gbà. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé kó sún, kó fún òun láyè.

A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó wò wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ṣé níbi iṣẹ́ búrẹ́dì ni màmá yìí ti ń bọ̀ ni?” Ọmọ mi ní rárá, yàrá àlejò ni. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n ki yìnyín bọ̀ ọ́ lábíyá. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Ẹnu ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti jáde. Kí a tó sin ín ló ti ń sọ ọ́ káàkiri, ó sì ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ayàwòrán-ilé yẹn gbọ́, ó wá kí wa. Kò kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró ní òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Tíṣà níbí, ó ń wo ilé náà bí ẹni rí ojúlùmọ̀ rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní, “Ta ló yí i padà?” Ọmọ mi jáde sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Ẹ wọlé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín.” Ọmọbìnrin náà ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ̀yìn sí oòrùn. Èyí la ẹnu sí i.”

Ó wọlé ṣá. Ó gun òkè, ó fọwọ́ kan ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní a lè tún un ṣe: kí a yọ gíláàsì náà, kí a fi fèrèsé tó ń ṣí rọ́pò rẹ̀, kí a mọ ògiri búlọ́ọ̀kù olójú ihò síwájú rẹ̀, kí ó máa fi òjìji bo yàrá, kí a tún ihò òkè lu, kí a dá fèrèsé ńlá sí yàrá ẹrù lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè la ilé já, kí a sì gbé páànù sókè dẹ́kì. Ó ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, torí ooru tí a rí yìí, ojú rẹ̀ nìkan la rí, ara rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó wá yíjú sí èmi àti ìyàwó ilé, ó ní, “Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀. Àgàgà aláboyún. Àgàgà ọmọ tuntun. Ara ọmọ tuntun kò tíì mọ bí a ti ń lé ooru jáde.”

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, “Ẹ fẹ́ kí n fọ́ gíláàsì mi lójú títì, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé èmi ni mo pa ìyá ìyàwó mi?”

Ọmọbìnrin náà ní, “Ọ̀gá, ẹni tó kú ti kú. Ẹni tó kàn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.”

Ọmọ mi ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní ó dàbọ̀.

Ṣé o ti wá rí i báyìí? Ìfẹ́ wà nínú ìpè tó pe ọmọ rẹ, n kò ní parọ́ mọ́ ọmọ mi. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ jòjòló sínú yàrá yẹn, kí ọmọ náà yè, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé yàrá náà ń pa ènìyàn. Ó ti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní ibi tí òkú ti jáde, ọmọ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ọmọ náà kò bá wá yè ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó ní kó má fi ẹnu rẹ̀ pe ibi.

Ìyàwó rẹ̀ ti kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi nínú yàrá ẹrù ló ń sùn báyìí, láàárín àpótí àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fèrèsé wa kò ju ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé lọ ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ odò ń gbà á wọlé. Bí àlejò bá bi mí níbi tí mò ń sùn, mo máa ń sọ pé mo wà lára ẹrù. Ọmọ mi nìkan ló kù lókè. Ó ní òun kò ní sá fún ilé òun. Ó ń sùn síbẹ̀ lálaalẹ́, ó sì ń lọ jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti lè rí i láti títì, tòun ti bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù ní dídè.

Ètè rẹ̀ ti bó. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ru omi tó kún dé etí. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi í sílẹ̀ láàárín. Mo rò pé àárẹ̀ lásán ni, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Gbogbo wa wà ní ìsàlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Gbé omi tútù lọ fún Màámi lókè. Òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n.”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Màámi wo?”

Ó ní, “Màámi tìrẹ. Àbí ta ló tún wà níbẹ̀?”

Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Mo dìde, mo bu omi, mo dà á lé ọmọ mi lórí, tẹ̀wùtẹ̀wù, bí mo ṣe ń ṣe fún un nígbà tó wà ní kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná. Nígbà tó yá, ó wò mí, ó ní kí ló dé tí mo fi sọ òun di ẹja. Kò rántí ohun tó sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gòkè padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Dírẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọmọ mi ló rán an kó wá gbé ọmọ rẹ. Tíṣà ni yóò fi ìwé yìí lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la bó bá ti ń jáde. Kò mọ̀wé, bíi tèmi, kò sì mọ ohun tó gbé dání. Má bá a pariwo, kò ṣẹ̀ ọ́. Fún un lómi, jẹ́ kó sinmi, kí o sì dá a padà lófìfo. Ọmọ rẹ á sunkún. Ó ti rí fọ́tò yàrá náà, mo mọ̀. Jẹ́ kó sunkún. Agbẹ̀bí ilé ìlera tó wà lọ́dọ̀ yín ti gbẹ̀bí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n ti di bàbá ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù ú lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má gbé e wá sí ilé wa.

Kí ọmọ náà sùn nínú ilé bàbá wa. N kò ní yin ilé yẹn ju bó ti yẹ lọ. Ó ń jò, eku rẹ̀ pọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kéré débi pé ó ti fọ́ orí gbogbo ọkùnrin tó ga nínú ẹbí wa. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, igi sì wà níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Mo gbọ́ pé ọmọ mi ti ṣèlérí láti wá fi gíláàsì sí i fún ọ, kó sì gé igi náà kí wọ́n lè rí gíláàsì láti ọ̀nà. Bí o bá jẹ́ kó fọwọ́ kan igi yẹn, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí dírẹ́bà bá padà lófìfo, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ni yóò wá. Mo mọ ẹni tí mo bí. Bó bá dé, má bá a jà, má sì darúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ sí i létí. Sọ fún un pé oyún rẹ ọmọ náà díẹ̀, kó dúró títí ara rẹ̀ yóò fi mókun. Parọ́, mo fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹní fún un sínú yàrá bàbá wa, da omi lé e lórí, kí o sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ́ kó padà sínú ilé yìí kí òjò tó dé. Òun nìkan ni mo ní.

Bí mo ṣe ń sọ èyí fún Tíṣà, mò ń wò ó láti ibi tí mo jókòó sí. Ó wà lókè, ní yàrá iwájú, ó dúró mọ́ gíláàsì. Mo rò pé ó ń juwọ́ sí wa ni, mo sì juwọ́ sí i padà. Tíṣà wọ jígí ojú rẹ̀, ó ní kì í ṣe pé ó ń juwọ́, pé gíláàsì ló ń nù de ọmọ rẹ. Mo tún wò ó. Kò sí àkísà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ní kí Tíṣà pe ọkùnrin méjì kan tó ń kọjá lọ ní títì, kí wọ́n bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí ọmọ rẹ, kó má bínú sí mi. Mò ń sọdá báyìí.

                                                            Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kò sí ẹlòmíràn,
                                                            Ìyá Ojú-Abẹ.